Ìkànnì IReV àti Ìdìbò Ààrẹ Ọdún 2023
Oṣù Kẹjọ ọdún 2020 ni àjọ INEC kọ́kọ́ lo ìkànnì IReV, kí ará ìlú lè fojú ara wọn rí èsì ibùdó ìdìbò. Ìdìbò Èkìtì àti Ọ̀ṣun ní ọdún 2022 lọ geere lórí rẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2023, èsì ìdìbò ààrẹ kọ̀, kò wọlé. A lè kọ́kọ́ fura sí èrò, bí Ìyànà Ìpájà ṣe máa ń dí ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ṣùgbọ́n èsì ilé aṣòfin àpapọ̀ ń wọlé ní ọjọ́ kan náà! Àlàyé INEC ni pé abẹ́ ìpínlẹ̀ ni wọ́n to èsì sí, ìdìbò ààrẹ kò sì sí lábẹ́ ìpínlẹ̀ kankan. Lójú tèmi, ìmúrasílẹ̀ fún èrò ibùdó 176,846 kò tó, níwọ̀n ìgbà tí ìkànnì náà kò tíì gba irú ìdìbò bẹ́ẹ̀ rí.