Ẹ̀pà inú Itan Ẹlẹ́dẹ̀

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá bàbá mi kì í jẹ́ kí a pa ẹlẹ́dẹ̀ ọdún bí a bá ṣe ń mú un láti orí ààtàn bọ̀. Wọn á ní kí a kọ́kọ́ sé e mọ́lé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí a máa fi èèpo ẹ̀gẹ́, èérí ògì àti àjẹkù iṣu bọ́ ọ. Bí àwa ọmọdé bá ń kánjú, wọn á bi wá léèrè pé ṣé ààtàn ni a fẹ́ jẹ. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí ni kì í fẹnu kan ẹran yìí, yálà nítorí ẹ̀sìn tàbí nítorí ìríra. Ẹ foríjì mí; n kò pe ẹnikẹ́ni wá jẹ ẹ́. Ohun tí màmá àgbà fi ojú inú mọ̀ yìí ni àwọn ará Virginia ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi ṣe òfin nígbà kan, tí wọ́n sì tún fi ọwọ́ ara wọn pa rẹ́. Ìtàn òfin náà ni mo fẹ́ sọ.

Kí ló dé tí oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀ fi ń hàn nínú ẹran rẹ̀ ju ti màlúù lọ? Màlúù àti àgùntàn a máa jẹ àpọ̀jẹ. Kí epo inú oúnjẹ wọn tó wọ inú ẹ̀jẹ̀, àwọn kòkòrò àìrí tó wà nínú ikùn wọn ti sọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ di ọ̀rá líle. Ẹlẹ́dẹ̀ kò ní irú ikùn bẹ́ẹ̀. Bí epo bá ṣe wọlé sí i lẹ́nu náà ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe máa lọ dùbúlẹ̀ sábẹ́ awọ rẹ̀ àti sáàárín ẹran ara rẹ̀. Bí ó bá jẹ àgbàdo tàbí ẹ̀gẹ́, tí epo wọn kò tó nǹkan, ara rẹ̀ ni yóò fúnra rẹ̀ sọ oúnjẹ náà di ọ̀rá, ọ̀rá náà yóò sì le. Bí ó bá jẹ ẹ̀pà àjẹyó, ọ̀rá rẹ̀ yóò rọ̀, yóò máa dán bí ẹni pé a fi òróró pa á lára. Inú ọ̀rá sì ni púpọ̀ nínú òórùn àti adùn ẹran ń gbé. Ẹni tó bá ń fi ẹja bọ́ ẹlẹ́dẹ̀ títí di ọjọ́ tó pa á yóò gbóòórùn ẹja nínú ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀.

Ìlú Smithfield kò jìnnà sí Jamestown, níbi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀dó sí ní ọdún 1607. Àwọn tó tẹ̀dó náà kọ ọ́ sílẹ̀ pé abo ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́ta bí tó ọgọ́ta ọmọ láàárín oṣù méjìdínlógún. Inú igbó ni wọ́n ń tú àwọn ẹran náà sí, kí wọ́n máa ṣa èso igi óákù jẹ. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1779, oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Mallory Todd ti ń di itan ẹlẹ́dẹ̀ tí a fi iyọ̀ pa, tí a sì fi èéfín gbẹ, ránṣẹ́ láti Smithfield sí erékùṣù Sint Eustatius ní òkun Karibíànì.

Ẹ̀pà ní tirẹ̀ kì í ṣe ọmọ Virginia, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa níhìn-ín, bí ó tilẹ̀ ti mọ́ wa lára tó. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó ti ṣẹ̀. Àwọn Pọtogí ni wọ́n gbé e wá sí Áfíríkà. Àwọn èèyàn wa tó ń gbin ẹ̀pà roro, tí í ṣe ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà, mọ bí a ṣe ń ṣe é kíákíá. Inú ọkọ̀ ẹrú ni ẹ̀pà tún bá dé apá àríwá Amẹ́ríkà, orúkọ sì tẹ̀ lé e débẹ̀: láti inú *nguba*, tí àwọn ará Kóńgò àti Àǹgólà ń pè é, ni àwọn òyìnbó apá ibẹ̀ ti rí *goober* tí wọ́n ń pè é títí di òní. Àwọn ẹrú ló ń gbìn ín sí oko ìdí ilé wọn. Lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí ní ọdún 1865 ni ó wá di irúgbìn ọjà pàtàkì ní gúúsù ìlà-oòrùn Virginia. Bí wọ́n bá ti hú ẹ̀pà tán nígbà ìkórè, èyí tó já sínú ilẹ̀ kì í kéré. Wọn á tú ẹlẹ́dẹ̀ sínú oko, ẹlẹ́dẹ̀ á sì máa fi imú pèéṣẹ́. Láti inú ìpèéṣẹ́ yìí ni adùn tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ Smithfield ti wá.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tó ń ra ẹlẹ́dẹ̀ a máa dín owó ẹlẹ́dẹ̀ tó jẹ ẹ̀pà kù, nítorí ọ̀rá líle ni wọ́n ń fẹ́. Ìjọba Amẹ́ríkà pàápàá ṣe ìwádìí lórí ọ̀rá rírọ̀ yìí láàárín ọdún 1920 sí 1930. Ṣùgbọ́n lọ́wọ́ ẹni tó ń fi iyọ̀ pa itan, tó sì ń fi í kọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ọ̀rá rírọ̀ náà gan-an ni ẹwà iṣẹ́.

Ní ọdún 1921, iná jó ilé iṣẹ́ ẹ̀pà tó wà ní Smithfield, òwò ẹ̀pà sì ṣí lọ sí Suffolk. Síbẹ̀, ní ọdún 1926, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Virginia ṣe òfin pé kò sí itan tó lè jẹ́ ojúlówó itan Smithfield àfi èyí tó bá wá lára ẹlẹ́dẹ̀ tí a fi ẹ̀pà bọ́ ní agbègbè ẹ̀pà Virginia tàbí North Carolina, tí a sì ṣe nínú ìlú Smithfield. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn aṣòfin wọ̀nyí wo oko, wọ́n wo oúnjẹ, kí wọ́n tó sọ itan lórúkọ. Èmi tí mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni ní ìmọ̀ orúkọ kò tíì rí òfin ọjà tó wù mí tó báyìí.

Ogójì ọdún péré ni ó fi ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1966, wọ́n yọ ẹ̀pà kúrò nínú òfin náà. Ohun tó kù ni iyọ̀, oṣù mẹ́fà ó kéré tán, àti ààlà ìlú. Mo mọ ìdí rẹ̀, n kò sì bá wọn jà: ẹlẹ́dẹ̀ ti kúrò nínú oko, ó ti wọ inú ọgbà, àgbàdo àti ẹ̀wà sóyà ni wọ́n fi ń bọ́ ọ, ẹni tó ń ra ẹran ní ọjà sì ti ń sá fún ọ̀rá. Bí wọ́n bá fi ẹ̀pà sílẹ̀ nínú òfin, bóyá itan náà ì bá ti pòórá. Ṣùgbọ́n àwọn ará Sípéènì dojú kọ irú ìṣòro kan náà, wọn kò pa ọ̀rọ̀ rẹ́. Òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 2014 fi àwọ̀ mẹ́rin sí ẹsẹ̀ itan ẹlẹ́dẹ̀ Iberia wọn. Dúdú wà fún èyí tí ìran rẹ̀ kò lábùlà tó sì fi èso igi óákù sanra nínú igbó. Pupa wà fún èyí tó jẹ èso kan náà ṣùgbọ́n tí ìran rẹ̀ ní àbùlà. Funfun ni ti èyí tó jẹ ọkà nínú ọgbà, ewé tútù sì ni ti èyí tó wà láàárín. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó dúdú a ra funfun, a sì mọ ohun tí òun rà.

Ohun tó ń dùn mí nínú ti Virginia ju ti adùn lọ. Nínú gbogbo ohun tí òfin 1926 kà sílẹ̀, ẹ̀pà nìkan ni ọkọ̀ ẹrú gbé dé, òun náà sì ni wọ́n rí yọ.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan wà ní Smithfield títí di òní. Itan ẹlẹ́dẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi iyọ̀ pa ní ọdún 1902, tí wọ́n gbàgbé sórí àjà. Ọ̀gbẹ́ni Gwaltney tó ni ín wá fi ìdè idẹ sí i lọ́rùn bí ajá, ó sì ń mú un káàkiri láti fi han àwọn ènìyàn. Ó ti gbẹ, ó ti dúdú bí igi. Nínú ilé kan náà ni hóró ẹ̀pà kan wà tí wọ́n kọ ọdún 1890 sí lára.