Ọtí Ló Mú Ọkọ̀ Pààrọ̀ Àsíá: Ìtàn Oúnjẹ àti Fàájì Lórí Òkun

Nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ gíga lónìí, ọ̀rọ̀ kan tí kì í wọ́n lẹ́nu àwa ọ̀dọ́ ni "cruise". Bí ẹnìkan bá sọ ohun tí kò lórí tí kò nídìí, wọ́n á ní cruise ló ń ṣe. Bí a bá fẹ́ fi ẹnìkan ṣe yẹ̀yẹ́, cruise náà ni. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ yìí tó di àwàdà lẹ́nu wa, ọkọ̀ ojú omi ló ni ín: ọkọ̀ ńlá tí ènìyàn ń sanwó wọ̀ kó lè jẹun, kó mu, kó jó, kó sùn, kó sì padà sí ibi tó ti gbéra. Ìrìn-àjò afẹ́ orí òkun ni a ó máa pè é nínú àròkọ yìí. Ìtàn rẹ̀ ni a fẹ́ sọ, ẹ̀yìnkùlé ilé ìdáná ni a ó sì gbà wọlé, torí ibẹ̀ ni a rò pé ọ̀rọ̀ wà.

Láyé àtijọ́, ta ni yóò ní òun ń lọ gbádùn lórí òkun? Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, inú ọkọ̀ ẹrú ló ti kọ́kọ́ mọ agbami òkun ní ọdún 1822, kí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó gba òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ tí wọ́n sì kó wọn lọ sí Freetown. Ẹni tó mọ òkun lọ́nà bẹ́ẹ̀ kò lè fi ṣeré. Kódà àwọn òyìnbó tó fowó ara wọn wọkọ̀ kò rí i bí ìgbádùn. Charles Dickens wọ ọkọ̀ Britannia ti ilé-iṣẹ́ Cunard láti Liverpool lọ sí Amẹ́ríkà ní oṣù kìíní ọdún 1842. Nínú ìwé tó kọ lẹ́yìn náà, ó fi kékeré yàrá tí wọ́n fún un ṣe ẹlẹ́yà, ó sì ròyìn bí ìgbì àti èébì ṣe fojú òun rí màbo. Kò sí fìríìjì nígbà náà. Ọkọ̀ tó bá fẹ́ fún èrò ní wàrà tútù, àfi kó mú màlúù dání, bẹ́ẹ̀ náà ni Britannia sì ṣe: wọ́n gbé màlúù kan sórí ọkọ̀, kó lè máa fún wọn ní wàrà láti èbúté dé èbúté.

Ọdún méjì lẹ́yìn ìrìn-àjò Dickens, ní 1844, ilé-iṣẹ́ P&O ronú ọgbọ́n kan. Àwọn ọkọ̀ wọn ń gbé lẹ́tà gba òkun Mẹditaréníà; wọ́n ní kí ló dé tí àwọn kò ní polówó fún ẹni tó kàn fẹ́ lọ wòran? Wọ́n fún òǹkọ̀wé W. M. Thackeray ní àyè ọ̀fẹ́ láti wọkọ̀ dé Athens, Istanbul, Jerusalem àti Cairo. Òun náà padà dé, ó kọ ìwé nípa rẹ̀, ìwé náà sì jáde ní 1846. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìyàtọ̀ láàárín èyí àti ohun tí àwọn tó lérò lẹ́yìn lórí Instagram ń ṣe lónìí? Ọ̀fẹ́ ni wọ́n gbà, ìròyìn ni wọ́n fi san án. A kò lè pe ìyẹn ní ìrìn-àjò afẹ́ tán pátápátá o, torí iṣẹ́ lẹ́tà ni ọkọ̀ náà ṣì ń ṣe. Èrò kàn bá lẹ́tà wọkọ̀ ni.

Ẹni tó yí ọ̀rọ̀ padà ni Albert Ballin, ọmọ ìlú Hamburg ní Jámánì, ọ̀gá kan ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Hamburg-Amerika. Kíkó èrò láti Yúróòpù lọ sí New York ni òwò wọn. Ṣùgbọ́n bí òtútù bá dé, tí Àtìláńtíìkì bá ń ru, èrò kì í pọ̀ mọ́. Ọkọ̀ olówó gọbọi á wá dúró sí èbúté, á máa jẹ owó láìpa owó wọlé. Ballin ní kí wọ́n gbé ọ̀kan nínú wọn, Augusta Victoria, lọ sí ibi tí oòrùn wà. Ní ọjọ́ 22 oṣù kìíní ọdún 1891, ọkọ̀ náà gbéra ní Cuxhaven pẹ̀lú èrò 241, ó yí òkun Mẹditaréníà ká fún nǹkan bí oṣù méjì, ó sì gbé wọn padà wálé. Ballin fúnra rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ náà. Àwọn èrò jẹ, wọ́n mu, inú wọn dùn, ni ilé-iṣẹ́ bá rí i pé owó ń bẹ nínú kí ènìyàn má lọ síbì kankan. Nígbà tó di 1900, wọ́n ti kan ọkọ̀ tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju fàájì lọ, Prinzessin Victoria Luise. Yàrá ọlọ́lá nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ọkọ̀ yìí kò pẹ́ láyé: ní oṣù kejìlá 1906 ó forí sọ àpáta ní Jàmáíkà. Kò sí èrò tó kú, ṣùgbọ́n ọ̀gá awakọ̀ pa ara rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ ọtí, torí ohun tí ọtí ṣe sí òwò yìí pọ̀ ju ohun tí ojú rí lọ.

Ní oṣù kìíní ọdún 1920, òfin tó de ṣíṣe ọtí àti títà á bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Wàyí o, òfin òkun sọ pé ọkọ̀ tó bá wà ní agbami, òfin orílẹ̀-èdè tó ni àsíá tó ta sórí ló ń tẹ̀ lé. Ọkọ̀ tó gbé àsíá Gẹ̀ẹ́sì, bó bá ti kúrò ní omi Amẹ́ríkà, ó lè ṣí ilé ọtí rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu. Ní 1922, agbẹjọ́rò àgbà ìjọba Amẹ́ríkà wá kéde pé ọkọ̀ tó bá gbé àsíá Amẹ́ríkà kò gbọdọ̀ ta ọtí níbikíbi lágbàáyé. Kí ni olówó tó fẹ́ lọ sí Yúróòpù yóò ṣe? Ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti Faransé ni yóò wọ̀, kó lè rí nǹkan tọ́ lẹ́nu.

Averell Harriman, ọmọ olówó rẹlúwéè kan ní Amẹ́ríkà, ní ọkọ̀ èrò ńlá méjì: Reliance àti Resolute. Nígbà tó rí i pé òwò fẹ́ bọ́, ó gbé àsíá Amẹ́ríkà sọ̀ kalẹ̀ lórí àwọn méjèèjì ní ọdún 1922 yẹn, ó ta ti Pánámà sókè. Ọkọ̀ kò yí padà, olówó kò yí padà, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kò yí padà. Àsíá nìkan ló yí, ọtí sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣàn. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà tún ọ̀rọ̀ náà wò ní 1923, wọ́n ní òfin náà kò dé agbami òkun. Ó ti bọ́. Wọ́n ti rí ọ̀nà ẹ̀bùrú.

Ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e, tí owó wọ́n lọ́wọ́ gbogbo ayé, àwọn ọkọ̀ kan ń kó èrò láti New York jáde sí agbami kí wọ́n lè mutí, wọ́n á sì kó wọn padà láìfẹsẹ̀ kan ilẹ̀ mìíràn. Òfin tó de ọtí kógbá sílé ní 1933. Bó bá jẹ́ pé ọtí nìkan ni ọ̀rọ̀ náà, ṣebí àsíá ìbá ti padà sílé. Kò padà. Àwọn olówó ọkọ̀ ti wá rí i pé ohun tí àsíá Pánámà lè ṣe ju ká ṣí ìgò lọ. Owó orí dín kù. Òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ Amẹ́ríkà kò lè lé wọn bá mọ́. Ẹni tó bá gba owó kékeré ni wọ́n lè gbà síṣẹ́, láti ilẹ̀kílẹ̀. Ní 1948, Edward Stettinius, tó ti fìgbà kan jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Amẹ́ríkà, bá ìjọba Làìbéríà dá irú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Bí orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan tó wà ní etíkun kan náà pẹ̀lú wa ṣe di ilé ọkọ̀ tí kò wá sílé rí nìyẹn.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, àwa ọmọ Yorùbá náà ní tiwa. Kí ọkọ̀ òfuurufú tó gbalẹ̀, ẹni tó bá ń lọ ka ìwé ní Ìlú Ọba, ọkọ̀ lẹ́tà ti Elder Dempster ló sábà máa ń wọ̀ láti Àpápá dé Liverpool, ìrìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, pẹ̀lú ìdúró ní Freetown àti Las Palmas. Mẹ́ta ló gbajúmọ̀ lẹ́yìn ogun Hitler: Accra tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1947, Apapa ní 1948, àti Aureol ní 1951, èyí tí wọ́n fi orúkọ òkè kan ní Freetown pè. Funfun báláú ni Aureol. Ó ní adágún ìlúwẹ̀ẹ́, ó ní gbọ̀ngàn ìjẹun tí wọ́n ti ń tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì. Ìpele ìpele ni wọ́n sì pín èrò sí, bí owó ẹni bá ti mọ.

A sábà máa ń gbọ́ ìtàn àwọn tó wọ ọkọ̀ wọ̀nyí lọ tí wọ́n sì padà di lọ́yà àti dókítà. A kì í sábà gbọ́ ti àwọn tó gbé àwo oúnjẹ fún èrò. Ọmọ Nàìjíríà àti ọmọ Sàró pọ̀ láàárín wọn: kúùkù, agbóúnjẹ, atúnyàrá-ṣe, àwọn tó wà ní ìsàlẹ̀ nídìí ẹ́ńjìnnì. Owó tí wọ́n ń gbà kéré sí ti òyìnbó tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Ní 1959, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ Apapa àti àwọn ọ̀gá wọn, ẹ̀sùn ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà sì wà nínú rẹ̀. Ó di ìyanṣẹ́lódì l'Ékòó, ó sì le débi tí ìjọba fi gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ lábẹ́ T. E. A. Salubi. Ọdún 1959 yẹn náà ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ti Nàìjíríà sílẹ̀, kí àsíá tiwa náà lè fẹ́ lórí òkun. Lynn Schler ti kọ odidi ìwé nípa àwọn atukọ̀ wọ̀nyí, ó sì jáde ní 2016. Èrò tiwa ni pé ó yẹ kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà lédè Yorùbá, torí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn náà, ìran wa ni wọ́n.

Ní 1958, ọkọ̀ òfuurufú tó ń lo ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí fò kọjá Àtìláńtíìkì. Ìrìn ọjọ́ márùn-ún di ti wákàtí mélòó kan. Ìṣòro Ballin tún padà dé, ó sì le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ: ọkọ̀ wà, èrò kò sí, ọ̀rọ̀ kò sì kan ìgbà òtútù nìkan mọ́. Aureol ṣiṣẹ́ dé 1974, wọ́n tà á, ó sì di ilé gbígbé lórí omi ní Jeddah. Àwọn mìíràn tún orúkọ jẹ́. Ní 1972, Ted Arison ra ọkọ̀ Empress of Canada, ó sọ ọ́ di Mardi Gras, ó fi bẹ̀rẹ̀ ilé-iṣẹ́ Carnival ní Miami. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tó gbéra nínú oṣù kẹta, kò tíì rìn jìnnà tó fi há sórí iyanrìn, lójú gbogbo ìlú. Ẹni tó bá rí i lọ́jọ́ náà kò ní gbà pé ilé-iṣẹ́ yẹn ni yóò di ọ̀kan nínú àwọn tó tóbi jù lágbàáyé. Láti 1977 dé 1986, eré tẹlifíṣọ̀n The Love Boat ń fi irú ayé bẹ́ẹ̀ han àwọn ará Amẹ́ríkà nínú pálọ̀ wọn. Ìrìn-àjò tó ti jẹ́ ti ọlọ́lá di ohun tí tíṣà àti nọ́ọ̀sì lè tọ́jú owó fún.

Lónìí, ọkọ̀ Icon of the Seas tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní 2024 ní àjà ogún, adágún ìlúwẹ̀ẹ́ méje, ó sì lè gba èrò tó lé ní 7,000. Oúnjẹ kò ní ìdádúró: ẹni tó bá sanwó ọkọ̀ ti san ti púpọ̀ nínú rẹ̀. Ọtí ló ní owó tirẹ̀ lọ́tọ̀, ti ilé tẹ́tẹ́ náà lọ́tọ̀, ibẹ̀ sì ni èrè gidi ti ń wọlé. Ọtí tó mú àsíá kúrò lórí ọkọ̀ lọ́gọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn kò tíì fi ìdí òwò náà sílẹ̀.

Òṣìṣẹ́ tó wà nínú ọkọ̀ kan ṣoṣo yìí lé ní 2,000. Nínú òwò yìí káàkiri ayé, Philippines, Indonesia àti Íńdíà ni ọ̀pọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ti ń wá, oṣù púpọ̀ ni wọ́n sì fi ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ láìsí ọjọ́ ìsinmi, kí wọ́n tó rí ilé. Àdéhùn àgbáyé lórí iṣẹ́ orí òkun, tó bẹ̀rẹ̀ sí múlẹ̀ ní 2013, sọ pé iṣẹ́ wọn kò gbọdọ̀ ju wákàtí 72 lọ lọ́sẹ̀. Ẹ fi wé iṣẹ́ wákàtí 40 tí òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ń ṣe. Ìtẹ̀síwájú ni wọ́n ka ìyẹn sí.

Bí ẹ bá rí àwòrán ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ wo ìdí rẹ̀. Òfin ní kí wọ́n kọ orúkọ èbúté tó ni ọkọ̀ síbẹ̀. Miami ni Icon ti ń gbéra, Miami ni ọ́fíìsì àwọn tó ni ín wà, Làìbéríà ni wọ́n ti forúkọ ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ sí ìdí ọkọ̀ ni Nassau, ní Bàhámà.