Ọjọ́ Mẹ́rìnlá: Ìtàn Lílé Àjèjì, láti Gánà dé Ilé Wa

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe tuntun, ṣùgbọ́n ó tún ti jí dìde. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, àwọn òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n orílẹ̀-èdè Gánà jáde sí ìgboro Accra, wọ́n sì kó àwọn àjèjì tí ń ṣagbe tí wọ́n sì ń sùn lẹ́bàá títì. Àwọn tí wọ́n kó ju 2,000 lọ, èyí tí ó sì ju ìdajì wọn lọ jẹ́ ọmọdé. Wọ́n ní àwọn yóò dá wọn padà sí orílẹ̀-èdè wọn. Ní oṣù Keje ọdún kan náà, àwọn ará Gánà kan tú jáde sí ìgboro, wọ́n ń ké pé kí àwọn ọmọ Nàìjíríà máa lọ sílé. Ìròyìn náà ya àwọn ọ̀dọ́ wa lẹ́nu. Kò ya àwọn àgbà wa lẹ́nu, nítorí wọ́n ti gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ rí, àwọn mìíràn nínú wọn sì gbọ́ ọ nígbà tí wọ́n wà lẹ́yìn ìyá wọn.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969 ni ìjọba Dókítà Kofi Abrefa Busia, tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta lórí àlééfà, pa á láṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú lọ gbà á láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n kúrò ní Gánà. Ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá ni gbèdéke. Òfin tí àṣẹ náà dúró lé lórí ti wà láti ọdún 1963, ní ayé Kwame Nkrumah, ṣùgbọ́n ó wà nínú ìwé lásán ni. Kò sí ẹni tí ó fi í da ọlọ́jà láàmú. Nígbà tí iṣẹ́ wọ́n tí gbèsè sì wọ ìjọba lọ́rùn ni a rántí rẹ̀.

Ta ni àjèjì náà? Ìbéèrè yìí ṣòro ju bí àṣẹ náà ti rò ó lọ. Kí Gánà tó gba òmìnira ní ọdún 1957, Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni ó ń ṣe ìjọba Gold Coast àti Nàìjíríà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí ó wọ lọ́rì lọ sí Kumasi láyé ìgbà náà la ilẹ̀ àwọn Faransé kọjá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti gbéra, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì dé sí. Ó fẹ́ ìyàwó síbẹ̀, ó bímọ síbẹ̀, ó sin òbí rẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tí a ka àwọn ènìyàn Gánà ní ọdún 1960, nǹkan bí ènìyàn 12 nínú 100 ni a kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àjèjì, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a bí sórí ilẹ̀ Gánà gan-an.

Àwọn tiwa pọ̀ nínú wọn. Ọ̀mọ̀wé J. S. Eades, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ṣe ìwádìí láàárín àwọn Yorùbá ìhà àríwá Gánà, tí ó sì tẹ ìwé jáde lórí wọn ní ọdún 1993, fi hàn pé ìlú díẹ̀ péré ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ti wá: Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀ffà, Èjìgbò, Ìníṣà, Ìgbòho, Ṣakí. Òwò ni wọ́n ń ṣe. Ní ọjà Tamale, àwọn ni ó gba ìsọ̀ tí ó pọ̀ jù, àti ọkùnrin àti obìnrin, wọ́n ń ta aṣọ, wọ́n ń ta abẹ́rẹ́ àti òwú, àwo àti ọṣẹ. Àwọn mìíràn ń wa dáyámọ́ńdì ní agbègbè Akwatia. Ẹni tí ó bá ti ríṣe yóò ránṣẹ́ pe àbúrò rẹ̀ láti ilé, àbúrò yóò sì pe ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Báyìí ni ilé kan ní Ìníṣà fi lè ní ènìyàn púpọ̀ ní Tamale ju èyí tí ó kù nílé lọ.

Nígbà tí a bá ń sọ ìtàn ọdún 1969, àwọn ilé ńláńlá àti ṣọ́ọ̀bù tí àwọn olówó fi sílẹ̀ ni a sábà máa ń kà. Òótọ́ ni, wọ́n pàdánù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ọjọ́ mẹ́rìnlá túmọ̀ sí fún oríṣiríṣi ènìyàn. Ẹni tí ó lọ́lá lè wá lọ́yà, ó lè rí ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀ ní ọ́fíìsì, ó lè háyà odindi lọ́rì kan fún ẹrù rẹ̀. Ìyá tí ń tajà àwìn ńkọ́? Gbogbo owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà. Onígbèsè tí ó bá ti lè fara pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí ayé. Ọjà tí kò tíì tà, ó di dandan kí ó tà á ní iye tí wọ́n bá dá lé e, nítorí olùrà náà mọ ọjọ́ tí yóò lọ. Ìwé ìgbélùú kì í sì í wà láìsí ìwé ìrìnnà. Opó tí kò mọ̀wé, tí ó ti ń gbé Kumasi láti ọgbọ̀n ọdún, kò ní ìwé kankan rí láyé rẹ̀ ju káàdì owó orí ọkọ rẹ̀ tí ó ti kú lọ.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn tí a kì í dárúkọ rárá. Mo ń sọ̀rọ̀ alábàárù tí ìsọ̀ ọjà jẹ́ ibùsùn rẹ̀. Ọjọ́ tí a lé e kúrò lọ́jà ni a lé e kúrò nílé. Mo ń sọ̀rọ̀ arúgbó tí ó ti gbàgbé orúkọ agbo ilé rẹ̀ ní Nàìjíríà, afọ́jú tí ọmọ kékeré ń fà lọ́wọ́, obìnrin tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹsàn-án. Àṣẹ náà kò yọ wọ́n sílẹ̀. Àwọn wo ni ìjọba wá yọ sílẹ̀? Nígbà tí ó hàn pé kòkó fẹ́ ṣòfò lóko nítorí pé àwọn alágbàṣe ti ń lọ, ìjọba ní kí àwọn alágbàṣe oko dúró. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wúlò rí ààyè; ẹni tí kò wúlò ni òfin náà rí mú.

Wọ́n gba Tógò, wọ́n gba Dahomey, tí ó ń jẹ́ Benin lónìí, wọ́n sì wọlé. Àwọn òbí wa máa ń sọ pé àjò kì í dùn kí onílé má relé, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí ó sọ̀kalẹ̀ nínú lọ́rì wọ̀nyẹn, àjò gan-an ni ilé tí wọ́n mọ̀. Twi àti Hausa dùn lẹ́nu wọn ju Yorùbá lọ. Yàrá tí bàbá wọn fi sílẹ̀ ní ọdún 1940 ti ní olúwa mìíràn. Àwọn kan dúró, wọ́n tún ayé wọn ṣe. Àwọn kan kọrí sí Àbíjàn, títí di òní ni Èjìgbò fi ní ènìyàn púpọ̀ níbẹ̀. Àwọn mìíràn padà sí Gánà lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ Busia ní ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 1972, ṣùgbọ́n òfin tí a ṣe ní ọdún 1970 ti fi òwò kéékèèké sọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀.

Ìjọba Nàìjíríà kò lè ṣe púpọ̀ fún wọn nígbà náà, nítorí ogun abẹ́lé kò tíì parí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn gbèdéke Busia ni ogun náà parí, ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1970. Ẹ wò ó bí ọ̀ràn méjì ti pàdé. Ní oṣù kan náà tí àwọn tiwa ń wá yàrá ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn Ìgbò tí ó ti sá kúrò ní ìlú Port Harcourt tí a wà yìí ń ronú àtipadà sí ilé tí wọ́n fi owó wọn kọ́, a sì sọ fún wọn pé dúkìá tí a pa tì ni. Ẹjọ́ àwọn ilé wọ̀nyẹn wà ní kóòtù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èmi kò fẹ́ tú ọgbẹ́ àtijọ́ lójú. Mo kàn fẹ́ kí ẹni tí ó bá ń gbé ní ìlú yìí mọ ilẹ̀ tí ó ń tẹ̀.

Ọdún mẹ́tàlá péré lẹ́yìn tí wọ́n lé wa, ó kan àwa. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1983, Alhaji Ali Baba, mínísítà fún ọ̀rọ̀ abẹ́lé nínú ìjọba Alhaji Shehu Shagari, kéde pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé kúrò ní Nàìjíríà. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni òun náà fún wọn, bí ẹni pé a kọ́ ọ lọ́dọ̀ Busia. Owó epo rọ̀bì ti já wálẹ̀, ìdìbò sì ń bọ̀ ní oṣù Kẹjọ. Nǹkan bí mílíọ̀nù kan ará Gánà ni ọ̀rọ̀ náà kàn, láì ka àwọn ará Niger, Chad, Tógò àti Benin. Àwọn tí ó ní iṣẹ́ ọwọ́ gíga ni a sún tiwọn di ọjọ́ 28 oṣù Kejì. Ẹni tí ń fọ aṣọ wa, ẹni tí ń tún bàtà wa ṣe, télọ̀ tí ń gbé ẹ̀rọ ìránṣọ kiri lórí èjìká, òpin oṣù Kìíní ni tiwọn.

Ìjọba Rawlings ti ti bodè Gánà láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 1982. Tógò rí i pé bí òun bá ṣílẹ̀kùn, ọ̀dọ̀ òun ni gbogbo wọn yóò há sí, ó sì ti tirẹ̀. Benin náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn fi jókòó sórí ẹrù wọn lẹ́bàá bodè Sèmè àti ní èbúté Apapa, nínú oòrùn àti ọyẹ́, láìsí omi, títí Gánà fi ṣí bodè rẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní. Àwọn kan kú kí wọ́n tó délé. Póòpù Jòhánù Pọ́ọ̀lù Kejì, ẹni tí a fi ijó àti ìlù pàdé ní Ìbàdàn ní oṣù Kejì ọdún 1982, sọ ní gbangba pé ọ̀ràn náà bu òun lọ́kàn jẹ́. Kò tíì pé ọdún kan tí ó kúrò lọ́dọ̀ wa. Ní ọdún 1985, ìjọba ológun Ọ̀gágun Muhammadu Buhari tún lé nǹkan bí 700,000 jáde. Ohun tí ó kù lọ́wọ́ wa nínú gbogbo rẹ̀ ni orúkọ àpò kan. À ń ra Ghana Must Go ní ọjà Mile 3, à ń di aṣọ sínú rẹ̀ fún ọdún Kérésìmesì, a kì í sì í ronú kan ẹni tí ó kọ́kọ́ gbé e.

Ẹlòmíràn lè wí pé, ìjọba kò ha ní ẹ̀tọ́ láti mọ ẹni tí ó wọ ilẹ̀ rẹ̀? Ó ní i, Ìjọ Mímọ́ kò sì sọ pé kò ní i. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí i pé nígbà tí Òfin Mósè bá ń dá ààbò bo àjèjì, kì í sábà dárúkọ rẹ̀ lóun nìkan. Ó máa ń kà á mọ́ opó àti ọmọ òrukàn, ó sì ní kí a fi ohun tí ó bá ṣẹ́kù lóko sílẹ̀ fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí ni ó so wọ́n pọ̀? Kò sí èyí tí ó nílẹ̀ nínú wọn, kò sì sí èyí tí ó ní onídùúró. Ìwé kọ́ ni Òfin ń wò níbẹ̀.

Mo rò pé ìdí nìyí tí ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àjèjì kì í fi í parí sọ́dọ̀ àjèjì. Ní ọjọ́ 24 oṣù Keje ọdún 2013, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kó nǹkan bí 70 ènìyàn tí a bá ní ìgboro, alágbe àti aláìnílé tí wọ́n ní wọ́n jẹ́ ọmọ Ìgbò, ó sì já wọn sílẹ̀ ní Upper Iweka ní Onitsha. Ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n. Kò sí bodè láàárín Èkó àti Onitsha, kò sì sí ìwé tí a lè bi wọ́n. Ìjọba ní òun ń dá wọn padà sọ́dọ̀ ẹbí wọn ni. Ṣùgbọ́n bí ẹbí bá wà tí ó ń retí wọn, ṣé abẹ́ afárá ni à bá ti bá wọn? Gómìnà Babatunde Fashola tọrọ àforíjì kí ọdún náà tó parí. Ìlú wa ni ó ṣe èyí, ẹ̀yin ará, kì í ṣe Accra.

Àwa tí a wà ní Rumuigbo, ilẹ̀ Ikwerre ni a wà. Ìyà kò jẹ wá, a dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀. Ilé ìwòsàn àwọn tí ọpọlọ wọn dàrú wà ládùúgbò wa níbí, gbogbo wa sì ti rí àwọn tí ń rìn kiri lójú títì Ikwerre, tí a kò mọ ìlú tí wọ́n ti wá, tí àwọn gan-an kò lè sọ. Bí àṣẹ ọjọ́ mẹ́rìnlá bá tún jáde lọ́la, ní ibikíbi tí ó wù kí ó jẹ́, irú àwọn wọ̀nyí ni ọkọ̀ yóò kọ́kọ́ kó.

Ní ọjọ́ Àìkú tí ń bọ̀, lẹ́yìn Mísà Yorùbá, akọ̀wé ìjọ yóò jókòó pẹ̀lú ìwé kan lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin ìyá tí ẹ wà ní Gánà ní ọdún 1969, tàbí tí òbí yín wà níbẹ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ wá sọ fún un: ìlú tí ẹ gbé, ohun tí ẹ ń tà, ẹni tí ẹ fi sẹ́yìn. Ẹni tí ó bá sì rántí ará Gánà tí ó kọ́ ọ níwèé, tàbí tí ó bá yín gbé inú ilé kan náà kí ó tó lọ ní ọdún 1983, kí ó mú orúkọ ẹni náà wá pẹ̀lú. Inú ìwé kan náà ni a ó kọ wọ́n sí.