Iṣẹ́ Lọ, Orúkọ Kù: Àríyànjiyàn Àwọn Aládùúgbò ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀

Bí ẹ bá wọ dáńfó ní Òṣòdì tí ẹ ń lọ sí Mile 2, ẹ fetí sí ẹnu kọ̀ńdọ́ dáadáa. Á ní, “Toyota wà o? Five Star ńkọ́?” Lẹ́yìn náà ló kan Ìyànà Ìsọlọ̀, Ilasa àti Cele. Bí ẹ bá sì yà sí inú Ìsọlọ̀, ẹ óò gbọ́ Aswani. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń sọ̀ kalẹ̀ ní Five Star àti Aswani ni kò mọ̀ pé orúkọ ilé iṣẹ́ aṣọ ni méjèèjì. Ẹ̀rọ ti dákẹ́, orúkọ ṣì ń ké.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ á rántí pé a máa ń sọ ọ́ ní kíláàsì pé orúkọ ibì kan kì í tètè kú, kódà bí ohun tó bí orúkọ náà bá ti kú tipẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ fi orúkọ àti ọ̀rọ̀ ẹnu yẹ àríyànjiyàn kan wò tí kì í tán lẹ́nu àwọn ará àdúgbò yìí. Ẹ jókòó níwájú ìsọ̀ èyíkéyìí nírọ̀lẹ́, ẹ óò gbọ́ ọ. Àgbà á ní iṣẹ́ ti tán ládùúgbò. Ọ̀dọ́ á ní, “Bàbá, ẹ má bínú o, iṣẹ́ ò tán, iṣẹ́ tiyín ló tán.” Lójú tèmi, àwọn méjèèjì ló jàre díẹ̀, tí wọ́n sì jẹ̀bi díẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí iṣẹ́. Ìlú Àwórì ni Ìsọlọ̀, ó lọ́ba tirẹ̀ kí kọ́ńpìnnì kankan tó débẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin ló kọ́kọ́ fa èrò wá sí Òṣòdì. Ọdún 1896 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin náà láti Èkó, ó sì dé Ìbàdàn ní 1901. Ní àwọn ọdún 1970 ni títì márosẹ̀ Apapa sí Òṣòdì dé, tó so èbúté mọ́ inú ìlú, tí ilé iṣẹ́ sì tò sí ẹ̀bá rẹ̀. Afprint wà níbẹ̀, Aswani wà níbẹ̀. Ayé ṣíìfù nìyẹn. Àwọn kan ń wọlé láàárọ̀, àwọn kan ń jáde lálẹ́, olóúnjẹ ẹnu gèétì sì mọ wákàtí tí àwọn méjèèjì máa pàdé.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí gbogbo wa mọ̀ sí SAP dé ní 1986, náírà já, ẹ̀rọ àti ohun èlò tí a ń kó wọlé sì di ọ̀wọ́n. Iná mànàmáná kò dúró, owó epo tí wọ́n fi ń yí ẹ̀rọ ń gòkè. Aṣọ fàyàwọ́ ń gba ẹnubodè wọlé. Nàìjíríà wọ Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé ní 1995. Nígbà tó sì di oṣù kìíní 2005, ìdíwọ̀n tí àwọn orílẹ̀-èdè ńlá fi ń ká aṣọ ilẹ̀ òkèèrè lọ́wọ́ kò ti wá sópin, aṣọ Ṣáínà sì gba ọjà àgbáyé kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ wa ń tilẹ̀kùn. Lónìí, bí ẹnì kan bá ní òun ń lọ sí Aswani, ọjà ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ní lọ́kàn, níbi tí òkìrìká ti pọ̀ bí eṣú. Ibi tí a ti ń ṣe aṣọ tuntun ni a ti ń ra ògbólógbòó aṣọ ẹlòmíràn báyìí.

Síbẹ̀, ọ̀dọ́ yẹn kò parọ́. Òṣòdì kò fìgbà kan ṣófo. Ohun tó tán ni ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ òṣìṣẹ́ sí. Ẹ gbọ́ bí èdè ṣe yí padà. Nígbà yẹn, wọ́n á ní, “Ó ń ṣiṣẹ́ ní kọ́ńpìnnì.” Ìwọ̀nyí ni à ń gbọ́ báyìí: “Mo ń mánéèjì,” “Mo fẹ́ jáde lọ wá nǹkan.” Gbólóhùn àkọ́kọ́ dárúkọ ibi iṣẹ́, àwọn tó kù kò dárúkọ ibì kankan. Kì í ṣe pé ayé kọ́ńpìnnì dùn fún gbogbo ènìyàn o. Kásúà pọ̀ nínú wọn, ọ̀pọ̀ ló sì kúrò láìgba kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní káàdì, tó sì wà nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, rí ibi kan tó lè ké sí.

Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbì kankan ńkọ́? Ní oṣù kìíní 2016, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó wó ọjà Owónifáàrí ní Òṣòdì, wọ́n ní kí àwọn oníṣòwò kó lọ sí Ìsọ̀pákódowó ní Bọ́ládé. Ní oṣù kẹrin 2019 ni wọ́n ṣí ibùdókọ̀ ńlá alápá mẹ́ta tó wà ní Òṣòdì báyìí. Ibùdókọ̀ náà dára, ó mọ́ tónítóní, mi ò ní purọ́. Ní oṣù kẹsàn-án 2022, wọ́n fòfin de ọ̀kadà ní gbogbo Òṣòdì-Ìsọlọ̀. Ẹ sì wo orúkọ yẹn náà. Okada Air, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tó ti kógbá sílé, la ti yá ọ̀kadà. Orúkọ Buba Marwa, ológun tó ṣàkóso Èkó láti 1996 sí 1999, ló sì di kẹ̀kẹ́ Máwà. Iṣẹ́ tí kò ní ìwé, orúkọ ẹlòmíràn ló ń jẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìròyìn wá ńkọ́? Àdúgbò yìí kì í ṣe òǹkàwé lásán. Ní Rutam House, ní Ìsọlọ̀, ni wọ́n ti ń ṣe The Guardian, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì 1983. Ìjọba Abacha ti ilé iṣẹ́ náà pa ní 1994, nígbà tí Alex Ibru tó dá a sílẹ̀ ṣì jẹ́ mínísítà nínú ìjọba kan náà. Nídìí fẹ́ńdọ̀, ẹni tí kò lówó pépà á dúró ka àkọlé ọ̀fẹ́, á sì bá ẹni tí kò mọ̀ rí jiyàn lé e lórí. Ìyẹn gan-an ni mo rò pé ó dín kù. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn bàbá wa pe rédíò, torí ó ń sọ̀rọ̀, kò sì sẹ́ni tó lè dá a lóhùn. Láti ìgbà tí fóònù alágbèéká ti dé ní 2001, à ń pe rédíò, ó sì ń gbèsì. Aládùúgbò ló wá di asọ̀rọ̀mágbèsì: oníkálukú fi ìròyìn tirẹ̀ sétí, kò gbọ́ ti ẹnìkejì.

Bẹ́ẹ̀ náà ni sánítéṣọ̀n. Ìjọba ológun ló fi tipátipá gbé e kalẹ̀ ní àárín àwọn ọdún 1980, ọ̀pọ̀ kò sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, onílé àti ayálégbé jọ dúró létí gọ́tà, wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ omi, iná àti olè. Ìjọba Èkó fagi lé e ní oṣù kọkànlá 2016. Ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù ṣì ń ṣe ìpàdé, ó sì ti ní WhatsApp, àmọ́ ayálégbé wo ló wà níbẹ̀?

Nítorí náà, kì í ṣe ká máa sọ pé ayé àná dára ju tòní lọ ló ṣe pàtàkì. Ohun tó ká mi lára ni pé àwọn tó ṣe ṣíìfù ní Five Star àti Aswani ń dàgbà, àwọn kan ti lọ, ìwé kọ́ńpìnnì sì lè má sí mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ bí a ti ń gba ohùn sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, fóònù wà lọ́wọ́ yín. Ẹ bi bàbá tàbí ìyá tó wà lójúlé kejì pé iṣẹ́ wo ni wọ́n ṣe, èló ni wọ́n gbà, ta ni ọ̀gá wọn, kí ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ bi ẹni tí wọ́n wó ìsọ̀ rẹ̀ náà, kí ẹ má sì gbàgbé ọlọ́kadà. Orúkọ ibùdókọ̀ lè sọ fún wa pé iṣẹ́ kan wà níbẹ̀ rí, àmọ́ kò lè sọ orúkọ ẹni tó ṣe é.