Ìtàn Ìṣàn Iná Mànàmáná, àti Ìdí Tí Àtùpà Wa Fi Ń Ṣe Bàìbàì

Ẹ̀yin ará Òmù-Àrán àti Èsìẹ́, nígbà tí iná bá ṣe bàìbàì, a máa ń wí pé iná ti tán sí ojú ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ yìí jọ òótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òótọ́ tán.

Ní ọdún 1800 ni Alessandro Volta, ará Ítálì, to abala fàdákà àti síńkì lé ara wọn, ó sì fi aṣọ tí a rì bọ omi iyọ̀ sí àárín wọn. Bí abala náà ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni agbára tí ń ti iná ń pọ̀ sí i. Agbára yìí ni à ń fi fóltì wọ̀n. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan ní fóltì kan ààbọ̀. Bí a bá to méjì tẹ̀lé ara wọn, wọ́n di fóltì 3.

Ní ọdún 1827, Georg Simon Ohm, olùkọ́ ní ilẹ̀ Jámánì, fi hàn nínú ìwé rẹ̀ pé ìṣàn iná ń pọ̀ bí agbára tí ń tì í bá pọ̀, ó sì ń dínkù bí ìdíwọ́ ojú ọ̀nà bá pọ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ rẹ̀ kò kà á sí. Ní ọdún 1841 ni Royal Society ti Lọ́ńdọ̀nù fún un ní àmì ẹ̀yẹ Copley.

Ẹ jẹ́ kí a so gílóòbù méjì tí ó dọ́gba mọ́ bátìrì méjì wọ̀nyí ní ìlà kan ṣoṣo. Ìṣàn tí ó kọjá nínú ti ìṣáájú, òun náà ni ó kọjá nínú ti ẹ̀yìn. Kò sí èyí tí ó jẹ nínú rẹ̀. Fóltì ni wọ́n pín, ọ̀kan ààbọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni odò tí kò ní ẹ̀ka ń ṣe lórí àpáta: omi kò dín, ṣùgbọ́n ó ń lọ sí ìsàlẹ̀. Bí a bá sì yọ gílóòbù kan, èkejì kú pẹ̀lú.

Wàyí o, wáyà tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá wà ní ìlà kan náà pẹ̀lú àtùpà wa, nítorí náà òun pẹ̀lú ń gba ìpín tirẹ̀ nínú fóltì. Nígbà tí ilé púpọ̀ bá ń fa iná lẹ́ẹ̀kan náà, ìṣàn inú wáyà a pọ̀, ìpín wáyà a sì pọ̀, tiwa a dínkù. Nítorí èyí ni a ṣe ń rán iná Káínjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí odò Ọya ní ọdún 1968, ní fóltì 330,000. Bí fóltì bá ga ní ìlọ́po mẹ́wàá, ìṣàn tí iṣẹ́ kan náà ń fẹ́ di ìdá kan nínú mẹ́wàá, òfò inú wáyà kan náà a sì di ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Tiransifọ́mà ni ó ń sọ ọ́ kalẹ̀ kí ó tó wọ ilé.

Nítorí náà, ìlú tí ó bá ń dá owó jọ fún òpó àti wáyà, kí ó má ṣe ra wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kí ó sì nà án jìnnà. Kí ó ra èyí tí ó nípọn, kí ó sì gbé tiransifọ́mà súnmọ́ ilé. Owó tí a rò pé a fi pamọ́ lórí wáyà, àtùpà wa ni yóò san án.