Tòkè Là Á Kọ́kọ́ Gbé: Ọgbọ́n Tó Wà Nínú Gígé Igi Ńlá

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí igi bá wó lu igi, tòkè là á kọ́kọ́ gbé. Níbi ìpàdé ẹbí àti níbi tí àwọn àgbà ti ń parí ìjà la ti sábà máa ń gbọ́ òwe yìí. Bí ọ̀ràn méjì bá délẹ̀ pọ̀, èyí tó ń jó wa lára lọ́wọ́ la ó kọ́kọ́ bójú tó, ká tó kan èyí tó ti pẹ́ nílẹ̀. Ìlò yẹn tọ̀nà, ṣùgbọ́n ó ti fẹ́ mú wa gbàgbé igi inú òwe náà. Lójú tèmi, òfin iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá lóye rẹ̀ ti mú ìpìlẹ̀ iṣẹ́ àwọn olùtọ́jú igi, àwọn tó ń gun igi ńlá láàárín ìlú láti tọ́jú rẹ̀ tàbí láti gé e kúrò.

Ẹ jẹ́ ká wò ó bó ṣe rí gan-an. Ìjì àkọ́rọ̀ jà, ó wó igi máńgòrò, ṣùgbọ́n máńgòrò náà ò délẹ̀. Ó fẹ̀yìn ti igi apá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò mọṣẹ́ lè rò pé bí òun bá ti gé apá náà, wàhálà parí. Kí ayùn tó la apá já, igi méjèèjì lè ti dà lé e lórí. Ìkìlọ̀ tí ọmọṣẹ́ kọ́kọ́ ń gbọ́ nìyí: má gé igi tó gbé igi dúró, má sì gba abẹ́ èyí tó fara tì í kọjá. Lóru ọjọ́ 15 mọ́jú ọjọ́ 16, oṣù Kẹwàá, ọdún 1987, ìjì wó igi bíi mílíọ̀nù 15 ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá wọ irú igbó bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ayùn gbọ́dọ̀ mọ̀ pé igi tó ti wó kò tíì sinmi. Ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ń fà, ẹ̀gbẹ́ kejì fún pọ̀. Bí ayùn bá ṣèèṣì já ẹ̀gbẹ́ tó ń fà lójijì, igi á ta padà lu ẹni tó ń gé e. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń kọ́kọ́ gé díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tó fún pọ̀, kí wọ́n tó parí rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí igi bá sì hú tigbòǹgbò tigbòǹgbò, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé ṣeré nínú kòtò rẹ̀. Tí wọ́n bá gé ìtì kúrò, kùkùté lè dìde padà sínú kòtò náà wàì.

Òfin yìí kan igi tó dúró pẹ̀lú. Onígẹdú lè dá ìrókò lódindi nínú igbó, torí àyè wà. Láàárín ìlú, òrùlé wà lọ́tùn-ún, wáyà iná wà lósì, ọ̀nà mọ́tò wà níwájú. Àfi kéèyàn gùn ún, kó máa já a wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Igbà làwọn akọpẹ wa fi ń gun ọ̀pẹ: okùn tó yí ọ̀pẹ ká, tó sì gba ẹ̀yìn ẹni tó ń gùn, tí yóò máa sún sókè bó ṣe ń gbé ẹsẹ̀. Ìlànà yìí kan náà ni olùtọ́jú igi ń lò, àfi pé okùn tirẹ̀ lè ní wáyà irin nínú kí ayùn má baà tètè já a, ó sì so mọ́ ìgbànú líle tó gba ìbàdí àti itan. Ó tún ní okùn gígùn kan tó gbé kọ́ ẹ̀ka tó lágbára lókè. Kó tó tan ayùn, ọ̀nà méjì ló gbọ́dọ̀ fi so ara rẹ̀ mọ́ igi, kí ọ̀kan lè gbà á dúró bí ìkejì bá já. Ó dé akoto, ó bo etí. Òwú kan wà nínú ṣòkòtò rẹ̀ tó máa ń lọ́ mọ́ ṣéènì ayùn, tí yóò sì dá a dúró bó bá kan ẹsẹ̀. Irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí wọ́n ń so mọ́ bàtà wà fún igi tí wọ́n fẹ́ gé kúrò nìkan, torí gbogbo ìṣísẹ̀ rẹ̀ ló ń dá ọgbẹ́ sí igi lára. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin tó jáde lọ́dún 1998 béèrè pé kí ẹni tó mọ̀ nípa wọn máa yẹ okùn àti ìgbànú wọ̀nyí wò ní oṣù 6, oṣù 6.

Bó bá ń gòkè, ó lè gé àwọn ẹ̀ka ìsàlẹ̀ kan kúrò kó lè ráyè. Èyí ò tako òwe wa, torí kò sí ohun tó gbára lé àwọn ẹ̀ka yẹn. Ohun tí òmíràn kò gbára lé ló ń kọ́kọ́ kúrò; ibẹ̀ ni ìtumọ̀ òwe náà wà. Lẹ́yìn náà ni yóò gé ṣóńṣó orí igi, tí yóò wá máa gé ìtì bọ̀ nísàlẹ̀, gígé kan tẹ̀ lé òmíràn.

Ìwúwo ló ń pààyàn lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Gé ìtì igi tútù tí ìbú rẹ̀ tó mítà 1, tí gígùn rẹ̀ sì tó mítà 1: kò ní jìnnà sí kìlógíráàmù 800, bí ìwúwo mọ́tò kékeré kan. Bí ẹyọ bẹ́ẹ̀ bá já lu okùn lójijì, agbára tó fi ń fa okùn á di ìlọ́po ìwúwo rẹ̀. Nítorí náà wọ́n ń gba okùn kọjá nínú púlì lókè, wọ́n ń lọ́ ọ mọ́ irin kan nídìí igi, ẹni ìsàlẹ̀ á sì máa jẹ́ kó yọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ẹrù á fi délẹ̀. Bí ẹni òkè àti ẹni ìsàlẹ̀ ò bá gbọ́ra wọn yé, iṣẹ́ ò gbọdọ̀ tẹ̀ síwájú.

Nígbà tó bá ku ìdí igi tí àyè sì ti wà, wọ́n á la ẹnu sí apá ibi tí wọ́n fẹ́ kó ṣubú sí, wọ́n á wá gé e láti ẹ̀yìn. Wọn kì í gé e já. Wọ́n á fi ìwọ̀nba igi sílẹ̀ láàárín, bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìbú rẹ̀, torí ibẹ̀ ló ń darí igi bó ṣe ń wó. Ẹni tó bá gé ibẹ̀ já ti fi igi sílẹ̀ kó lọ síbi tó wù ú.

Ṣùgbọ́n igi tó yẹ kó lọ kò tó iye tí à ń gé. Alex Shigo, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Amẹ́ríkà, la ọ̀pọ̀lọpọ̀ igi láti òkè dé ìdí láti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọgbẹ́ wọn. Ohun tó rí ni pé igi kì í wo ọgbẹ́ rẹ̀ san bí ẹran ara. Ṣe ló ń sé ibi tó bàjẹ́ mọ́, tó sì ń hu igi tuntun bò ó. Torí náà, bí a bá ń gé ẹ̀ka, ẹ̀yìn ibi tó wú díẹ̀ nídìí ẹ̀ka ni ayùn ń gbà; a kì í gé e wọnú ìtì, a kì í sì í fi kùkùté gígùn sílẹ̀. Ọ̀dà tí à ń kùn sójú ọgbẹ́ kò ràn án lọ́wọ́. Bíbẹ́ gbogbo orí igi, bí a ti ń ṣe sí máńgòrò ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, ń mú kó hu ẹ̀ka tí kò fìdí múlẹ̀ dáadáa sójú ọgbẹ́ tó ń jẹrà. Àwọn ẹ̀ka yẹn gan-an ni ìjì ń ṣẹ́ sórí òrùlé lọ́dún mélòó kan sí i.

A ní ohun tí a lè fi tún èyí ṣe. Àwọn akọpẹ wa mọ gígun, wọn ò sì bẹ̀rù òkè. Federal College of Forestry ní Jẹ́ríkò, n'Ìbàdàn, ti ń kọ́ni ní ìmọ̀ igbó láti ọdún 1939. Bí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ bá mú àwọn ọ̀dọ́ tó mọ igbà lọ síbẹ̀ kí wọ́n kọ́ okùn, ìwúwo àti ayùn, tí wọ́n sì gbà wọ́n síṣẹ́ láti máa yẹ igi ìlú wò kí òjò tó dé, ọ̀pọ̀ igi ni a ó dá sí, ẹ̀mí púpọ̀ ni a ó sì gbà là.