Ìtàn Ráńpẹ́ lórí Fífi Omi Inú Ilé-Ọmọ Ṣàyẹ̀wò Ẹ̀dọ̀fóró Ọlẹ̀
Ní ọdún 1959, Mary Ellen Avery àti Jere Mead fi hàn ní Amẹ́ríkà pé ẹ̀dọ̀fóró ọ̀pọ̀ ọmọ tí a bí láìpé oṣù kò ní èròjà ọlọ́ràá tí kì í jẹ́ kí àpò afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra. Mímọ ohun tí ó fà á kò tíì mú ìwòsàn wá: ní 1963, Patrick, ọmọ Ààrẹ Kennedy, gbé ayé fún nǹkan bí wákàtí 39 péré.

Báwo ni a ó ṣe mọ ipò ẹ̀dọ̀fóró kí a tó bí ọmọ? Louis Gluck àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ dáhùn ní 1971. Níwọ̀n bí omi ẹ̀dọ̀fóró ọlẹ̀ ti ń ṣàn sínú omi tí ó yí i ká, wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa díẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n sì fi ìwọ̀n lecithin wé ti sphingomyelin. Bí lecithin bá tó ìlọ́po méjì èkejì, a gbà pé ẹ̀dọ̀fóró ti gbó.

Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀fóró nìkan kọ́ ni ọmọ. Ìwádìí fi hàn lẹ́yìn náà pé ọmọ tí a bá mọ̀ọ́mọ̀ gbẹ̀bí rẹ̀ ṣáájú ọ̀sẹ̀ 39 lè ní ìṣòro mìíràn, bí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ tilẹ̀ gbó. Ìdí pàtàkì kan nìyí tí a kò fi sábà lo àyẹ̀wò náà mọ́.